Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé: Ọmọ Ifẹ̀ tó lo ẹgbẹ́ mẹ́ta nílé aṣòfin

Àwọn àgbà tó ti gbọ́njú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira kò lè gbàgbé orúkọ Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Fani-Káyọ̀dé, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí Fani Power. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń rántí ọ̀jáfáfá agbẹjọ́rò tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ máa ń rántí ilé tó jóná àti ènìyàn tó kú ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1965. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Lóde òní tí àwọn aṣòfin ń fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà, ó dára kí a tún ìtàn ọkùnrin yìí gbé yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló lò nílé aṣòfin láàárín ọdún 1954 sí 1966. Nígbà tó fi ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó padà lọ síwájú olùdìbò kó tó jókòó nílé aṣòfin lórúkọ ẹgbẹ́ tuntun. Nígbà tó fi èkejì sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi olùdìbò léèrè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Ìdílé àlùfáà àti amòfin

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Chelsea nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀, Victor Adédàpọ̀ Káyọ̀dé, jẹ́ amòfin tó padà wá di adájọ́ nílé. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó kọ́kọ́ di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ní ti ìyá rẹ̀, ọmọ Àlùfáà Joseph Fanimọ́kun ni, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ilé ìwé CMS Grammar School l'Ékòó. Orúkọ ìdílé méjèèjì ni wọ́n so pọ̀ tó fi di Fani-Káyọ̀dé.

King's College l'Ékòó ló ti kàwé kó tó lọ sí Yunifásítì Cambridge, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin. Ó di agbẹjọ́rò ní 1945. Nígbà tó dé ilé, òun, Olóyè Rótìmí Williams àti Olóyè Bọ́dé Thomas parapọ̀ dá ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀ ní 1948. Ilé iṣẹ́ yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta ṣe jọ ń gba ẹjọ́ rò náà ni wọ́n jọ wọ ìṣèlú, nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀.

Ọdún 1954: Ọ̀pẹ gbé e dé Èkó

Ọdún 1954 ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn kọ́kọ́ dìbò tààrà láti yan àwọn tí yóò ṣojú wọn nílé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó. Kí ó tó dìgbà náà, ilé aṣòfin ẹkùn ló ń yan àwọn tó ń lọ. Ìbò náà kò rọrùn fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló ń ṣèjọba n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ alákùkọ, ìyẹn NCNC, ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù nínú ìbò náà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó orí tí ìjọba gbé lé àwọn ènìyàn lórí láti fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera wà lára ohun tó bí wọn nínú. Síbẹ̀, Fani-Káyọ̀dé wọlé lábẹ́ àsíá Ọlọ́pẹ. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà náà.

Ohun tí orúkọ rẹ̀ fi wọ ìwé ìtàn nílé aṣòfin náà ni àbá òmìnira tó gbé kalẹ̀ ní 1958. Anthony Enahoro ti kọ́kọ́ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá ní 1953, tí rògbòdìyàn sì tẹ̀ lé e. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá gbé tirẹ̀ wá ní 1957, àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n béèrè. Àbá ti Fani-Káyọ̀dé ni pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1960. Ilé fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn aṣáájú orílẹ̀-èdè yìí àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí ọdún 1958, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ni wọ́n fẹnu kò sí. Oṣù mẹ́fà péré ló fi yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ Ifẹ̀ yìí béèrè.

Ó fi Ọ̀pẹ sílẹ̀, ó gbá Àkùkọ mú

Lọ́dún 1959, ìyàlẹ́nu ńlá ló jẹ́ nígbà tó kọ̀wé fi Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sílẹ̀ tó sì lọ bá NCNC. Ẹni tó ti wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún Awólọ́wọ̀ wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ti ń bá jà. Àwọn tí wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀ kò dárí jì í bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, Fani-Káyọ̀dé sì jáde lórúkọ Àkùkọ. Ẹni tó bá rò pé ó dalẹ̀ ẹgbẹ́ láǹfààní láti fi ìwé ìbò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló ní aṣòfin tó pọ̀ jù, Akíntọ́lá sì ń bá ipò Pírẹ́míà lọ. Fani-Káyọ̀dé di olórí àwọn alátakò, ipò tí Adégòkè Adélabú ti wà kó tó kú ní 1958, tí Dennis Osadebay sì di mú lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ mánigbàgbé fún àwọn ará Ifẹ̀. Ọdún 1960 kan náà ni Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Nítorí náà, ọmọ Ifẹ̀ ló jókòó lórí àga Gómìnà, ọmọ Ifẹ̀ náà ló sì ń ṣíwájú àwọn tó ń tako ìjọba.

Ọjọ́ tí àga ń fò nílé aṣòfin

Ní 1962, ìjà tó wà láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá bú jáde. Aṣòfin mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́fà fọwọ́ sí ìwé ránṣẹ́ sí Gómìnà pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, Ọba Adérẹ̀mí yọ Akíntọ́lá nípò, ó sì fi Alàájì Daúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù náà láti fọwọ́ sí Adégbénró, àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá àti àwọn aṣòfin NCNC kò gbà. Ẹnì kan fò sórí tábìlì tó ń pariwo iná. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọ́n sì ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ ilé. Ọlọ́pàá da tajútajú sí wọn lójú kí wọ́n tó tú ká. Wọ́n tún jókòó lọ́jọ́ náà, wọ́n tún jà. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó Ìwọ̀-Oòrùn títí ọdún fi parí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sípò láìsí ìdìbò kankan. Ẹgbẹ́ tuntun tó dá sílẹ̀, UPP, àti NCNC ló parapọ̀ ṣèjọba, Fani-Káyọ̀dé sì di Igbákejì Pírẹ́míà. Ọba Adérẹ̀mí kò padà sí àga Gómìnà. Olóyè Ọ̀dẹ́lẹ́yẹ Fádáhùnsi, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, ni wọ́n fi síbẹ̀. Nígbà tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963 pé Gómìnà láṣẹ láti yọ Akíntọ́lá, ìjọba tí Fani-Káyọ̀dé wà nínú rẹ̀ tún òfin ẹkùn náà ṣe, wọ́n sì fa àtúnṣe náà padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ yẹn má baà lágbára.

Dẹ́mọ dé, olùdìbò kò mọ̀

Nígbà tí èsì ètò ìkànìyàn ọdún 1963 jáde, àwọn aṣáájú NCNC ní Ìlà-Oòrùn ní àwọn kò gbà á. Akíntọ́lá ní òun gbà á ní tòun. Àwọn mínísítà NCNC tó wà nínú ìjọba n'Íbàdàn ní láti yàn bóyá ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ tàbí ipò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, Fani-Káyọ̀dé àti ọ̀pọ̀ nínú wọn fi NCNC sílẹ̀, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Akíntọ́lá láti dá NNDP sílẹ̀, èyí tí aráàlú ń pè ní Dẹ́mọ, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọwọ́.

Àwọn tó tẹ̀ka fún Àkùkọ ní 1960 jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé Ọwọ́ ni ìbò wọn ti dà. Kò sí òfin nígbà náà tó ní kí aṣòfin tó bá pa ẹgbẹ́ dà fi àga sílẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí olùdìbò lè sọ̀rọ̀ ni ìdìbò ẹkùn tó ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 1965.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn sọ pé ó jáde lẹ́nu Fani-Káyọ̀dé ṣáájú ìbò náà: pé bí àwọn ènìyàn dìbò fún Dẹ́mọ o, bí wọn kò dìbò fún un o, Dẹ́mọ ni yóò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ní àwọn ibì kan, àwọn tó fẹ́ bá Dẹ́mọ du ipò kò rí òṣìṣẹ́ ìdìbò tí yóò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kéde pé ẹni Dẹ́mọ wọlé láìní alátakò. Àwọn alátakò, UPGA, pariwo pé èsì tí rédíò ń kéde kọ́ ni èyí tí wọ́n kà níbùdó ìdìbò. Adégbénró ní àwọn ló wọlé, wọ́n gbé e. Ìjọba Akíntọ́lá bú ra pé òun padà.

Nígbà tí ìwé ìbò kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ènìyàn gbé epo bẹntiróòlù. Ìgbà yẹn ni orúkọ Wẹtíẹ̀ jáde: wọ́n á da epo sára ilé, ọkọ̀ tàbí ènìyàn, wọ́n á sì ṣáná sí i. Láti ìlú dé oko ni iná náà ràn. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ju kòkó wọn lọ bá a lọ. Kò sì kúrò nílẹ̀ títí oṣù mẹ́ta fi kọjá.

Òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní

Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun tí Kápúténì Emmanuel Nwobosi ṣíwájú wọn dé Ìbàdàn láti Abẹ́òkúta. Ilé Fani-Káyọ̀dé ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọ́n mú un láàyè, wọ́n sì gbé e tẹ̀ lé wọn lọ sílé Akíntọ́lá. Akíntọ́lá yìnbọn sí wọn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì pa á síbẹ̀. Wọ́n gbé Fani-Káyọ̀dé lọ sí Èkó, àwọn ọmọ ogun tí kò sí nínú ọ̀tẹ̀ náà ló sì gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fòpin sí gbogbo ilé aṣòfin lórílẹ̀-èdè yìí, bí ìgbà Fani-Káyọ̀dé gẹ́gẹ́ bí aṣòfin ṣe parí nìyẹn. Òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Nígbà tó padà wálé, ó tún wọ ìṣèlú. Ní ìjọba Olómìnira Kejì, ó wà lára àwọn aṣáájú NPN nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí UPN ti Awólọ́wọ̀ ló gba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, lọ́wọ́ wọn ní 1979. Iṣẹ́ òfin kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba oyè SAN, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Káyọ̀dé Èsó tó yẹ ìwà àwọn adájọ́ wò ní àwọn ọdún 1990. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Rótìmí, tó kú ní 1989, di ayàwòrán olókìkí nílẹ̀ òkèèrè. Òmíràn, Fẹ́mi, di mínísítà ní 2006. Bàbá wọn kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Láti ìgbà òfin ọdún 1979 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò fi àga sílẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó wà nínú òfin ọdún 1999, ní apá 109 fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Òfin wà, ṣùgbọ́n àga kì í sábà ṣófo. Ẹni tó bá ń wá ìbò yín fún ilé aṣòfin ní Òṣogbo tàbí níbòmíràn, ẹ bi í níwájú gbogbo ènìyàn bóyá yóò padà wá bá yín bí ọkàn rẹ̀ bá yí. Fani-Káyọ̀dé padà wá ní 1960, kò sì sí ilé tó jóná nítorí rẹ̀.