Edward Kẹjọ: Ọba Tí Orúkọ Rẹ̀ Kù Sára Kọ́bọ̀ Oníhò

Ọba tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wọ àpò àwọn baba ńlá wa ní Èjìgbò. Òun ni Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1894 ni a bí i. Ní 1925, nígbà tí ó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ, ó ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà. Bàbá rẹ̀ wàjà ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1936, Edward sì gorí ìtẹ́. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Wallis Simpson, ni ó fẹ́ràn. Obìnrin yìí ti kọ ọkọ kan, ó sì ń kọ èkejì lọ́wọ́. Ìjọba kò gbà kí ó di olorì. Lọ́dọ̀ tiwa, orí oyè ni a mọ̀ pé ọba ń wàjà sí. Ṣùgbọ́n Edward fi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1936. Wọn kò tilẹ̀ tíì dé e ládé.

Owó tí ó ní àwòrán ojú rẹ̀ kò tíì di níná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti ónínì tiwa ní ihò láàárín, kò sí àyè àwòrán. Orúkọ ọba nìkan ni a kọ sí i. Nítorí náà ni owó rẹ̀ ṣe tètè dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ a máa wò ó fínnífínní. Èyí tí ó ní H, Heaton ní Birmingham ni ó rọ ọ́. KN jẹ́ ti King's Norton. Èyí tí kò ní lẹ́tà wá láti London. Bí irin òǹtẹ̀ bá sán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ a yọ sókè lára owó. Ìlà tí ó bá jìn wọnú, ìhà lásán ni. Irú ìlà yíyọ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ya sẹ́ǹtì bàbà wọn àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní 1793, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín: owó wúrà Edward kan tó mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2020, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò 1936 kò wọ́n. Síbẹ̀, mo ti rí i ní Èjìgbò tí a da àpò owó bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n ẹni tí ń ra irin àlòkù. Ìtàn ni a ń tà ní ìwọ̀n irin yẹn.

Edward gbé Wallis níyàwó ní ilẹ̀ Faransé ní 1937, ó ṣe gómìnà Bahamas láti 1940 sí 1945, ó sì kú ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1972. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a bèèrè owó wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹ kọ ọdún àti lẹ́tà ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì fi iyanrìn bó o. Ohun tí a bá bó kúrò lára rẹ̀ kò ní í padà mọ́.