Thaddeus Stevens, agbẹjọ́rò tí ó gbèjà ọmọ tálákà

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1792 ni a bí Thaddeus Stevens ní ìlú Danville, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́ láti inú oyún, nítorí náà ó ń tiro títí ó fi kú. Bàbá rẹ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́rin. Ìyá náà ṣiṣẹ́ kárakára kí Thaddeus lè kàwé. Ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní ọdún 1814.

Ní ọdún 1816, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Òfin ìpínlẹ̀ náà ni pé ẹrú tí olówó rẹ̀ bá mú gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ti di òmìnira. Ẹrúbìnrin kan, Charity Butler, pẹjọ́ pé òun ti lo iye oṣù náà. Olówó rẹ̀ ni Stevens gbèjà. Ó ní àwọn ọjọ́ náà kò tẹ̀ léra wọn. Ní ọdún 1821, ilé ẹjọ́ dá Stevens láre, Charity Butler sì padà sí oko ẹrú tọmọtọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Stevens yí padà. Ó di ọ̀tá ìmúnisìn, ó sì ń gbèjà àwọn ẹrú tí ó sá àsálà, lọ́pọ̀ ìgbà láìgba owó.

Ó di aṣòfin ní Pennsylvania ní ọdún 1833. Ní ọdún 1834, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé kí a fi owó orí dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn kò rí ìdí tí àwọn yóò fi sanwó ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ní ọdún kejì, àwọn aṣòfin fẹ́ pa òfin náà rẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1835, Stevens dìde láti gbèjà rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ìlú ni ẹ̀kọ́ ọmọ tálákà ń ṣe láǹfààní. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Òfin náà dúró.

Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Washington. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Gúúsù dáná sun ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ ní ọdún 1863. Kò yẹsẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865. Ó tún fẹ́ kí a pín ilẹ̀ àwọn olówó ẹrú ńlá fún àwọn tí a dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1868. Ó ti yan ibi tí a ó sin ín sí ní ìlú Lancaster: itẹ́ òkú kékeré kan tí ó ń gba funfun àti dúdú. Àwọn itẹ́ òkú ńlá kò gba aláwọ̀ dúdú. Ó ní kí a kọ ìdí náà sára òkúta ibojì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé lè kà á.