Nikolai Schmidt: Ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé tó gbọ́ igbe àwọn tó há sórí yìnyín

Nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 1928 fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé Umberto Nobile, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti kú pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú wọn, Italia, tí gáàsì ń gbé fò, ti dé òpin àríwá ayé ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, kò sí ẹni tó gbúròó wọn mọ́. Ẹni tó sì wá gbọ́ ohùn wọn kì í ṣe ológun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọba kankan tó ń sanwó fún un láti máa tẹ́tí. Nikolai Schmidt ni, ará abúlé Voznesenye-Vokhma ní àríwá Rọ́ṣíà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò jọ.

Ọdún 1906 ni wọ́n bí Schmidt, láti ìran àwọn ará Jámánì tó ti di ará Rọ́ṣíà. Lásìkò náà, àwọn ọ̀dọ́ ní Soviet, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà ń kan rédíò nínú ilé, wọ́n sì ń jókòó ti ìgbì kúkúrú di òru. Wọn kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà ló ń gbé wọn ṣe é. Valve kan ṣoṣo, ìyẹn gílóòbù kékeré tó máa ń sọ ohùn tí kò lágbára di ńlá, ló wà nínú rédíò Schmidt.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, Italia já lulẹ̀ sórí yìnyín. Ènìyàn 16 ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ara ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú àwọn mẹ́fà tí a kò rí mọ́ títí di òní. Ọ̀kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án sì bọ́ sórí yìnyín pẹ̀lú rédíò kékeré kan. Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀, Giuseppe Biagi, oníṣẹ́ rédíò wọn, ń fi í kígbe ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi Città di Milano, tó wà nítòsí nítorí wọn, kò gbọ́. Ìwà ìgbì kúkúrú wà lára ohun tó fà á: ó máa ń gòkè lọ sí òfurufú kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà jíjìn, á sì fo ẹni tó wà nítòsí dá. Ṣùgbọ́n Nobile dá àwọn ará ọkọ̀ náà lẹ́bi lẹ́yìn náà pé wọn kò tẹ́tí tó, ó sì ṣòro láti jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, Schmidt gbọ́ ọ̀rọ̀ jákujàku kan. Orúkọ Italia wà níbẹ̀, ti Nobile wà níbẹ̀, àmì SOS sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí wọ́n wà kò já gaara. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò, orúkọ yìí sì bá ti Schmidt mu gan-an, nítorí kò ní ohun tó lè fi dá wọn lóhùn. Ó lè rò pé ẹnìkan ló ń ṣeré. Kò rò bẹ́ẹ̀. Ó fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rédíò ní Moscow, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dé Róòmù. Ní ọjọ́ 6, oṣù náà, Biagi ń gbọ́ ìròyìn láti Róòmù nínú àgọ́ wọn lórí yìnyín, ó sì gbọ́ pé ọmọ Soviet kan ti gbọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dìde láti wá wọn. Roald Amundsen, ẹni àkọ́kọ́ tó dé òpin gúúsù ayé, bá ọkọ̀ òfurufú lọ ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, òun àti àwọn márùn-ún mìíràn kò sì padà. Awakọ̀ òfurufú ọmọ Sweden kan ló kọ́kọ́ gbé Nobile jáde. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, Krasin, ọkọ̀ afọ́yìnyín ti Soviet, gbé àwọn tó kù. Ènìyàn mẹ́jọ ló padà sílé.

Irú iṣẹ́ Schmidt ṣì ń lọ. Àwọn tó ń ṣe é lónìí ní ìwé àṣẹ àti àmì ìdánimọ̀: 5N ni ti Nàìjíríà, TY ni ti Benin, 5V sì ni ti Togo. Òfin àgbáyé náà fàyè gbà wọ́n láti bá àwọn ẹlòmíràn ránṣẹ́ bí àjálù bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti Schmidt, òkìkí rẹ̀ kàn dé Moscow, wọ́n sì yẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn náà, ó kó lọ sí Tashkent. Nígbà tí Jámánì gbógun ti Soviet ní ọdún 1941, ìran tí wọ́n ti bí i di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Wọ́n mú un, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lòdì sí ìjọba, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942. Ní ọdún 1969, Soviet àti Ítálì jọ ṣe fíìmù kan nípa Italia, tí Sean Connery ti ṣe Amundsen. Wọ́n fi Schmidt hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ igbe náà. Ẹ̀bi tí ìjọba Soviet kan náà dá a ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1984 ni wọ́n tó dá a láre.