Shakespear, Ikọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Aṣálẹ̀

Iṣẹ́ ikọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹni tí a rán sí ọba àjèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà bí a ti rán an, ó sì gbọ́dọ̀ mú èsì padà wá, ìbáà dùn ní etí ẹni tí ó rán an, ìbáà má dùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó rán ni bá kọ etí ikún sí èsì náà ńkọ́? Èyí ni ìṣòro tí ó bá William Henry Irvine Shakespear, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní ìlú Kuwait ní ọdún 1909. Kí a má ṣe ṣì í mú fún òǹkọ̀wé eré tí gbogbo wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà kan ni orúkọ ẹni tiwa yìí fi kúrú sí ti onítọ̀hún.

Ilẹ̀ Índíà, ní ẹkùn Punjab, ni a bí i sí ní ọdún 1878, nígbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Ìlú Ọba, ó sì kọ́ iṣẹ́ ológun ní Sandhurst. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin fún ọdún díẹ̀ ní Índíà, a mú un bọ́ sí ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn àárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọba agbègbè náà. Ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ti Páṣíà, ti Urdu àti ti Pashto. Kì í ṣe ẹni tí í lè jókòó sí ojú kan. Ní ọdún 1907, nígbà tí àyè ìsinmi rẹ̀ tó, kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ni ó wà láti etí òkun Páṣíà títí dé Ìlú Ọba, ní ìgbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà ràkúnmí àti ti ìbaaka ni púpọ̀ nínú ọ̀nà tí ó gbà.

Kuwait jẹ́ ìlú etí òkun lábẹ́ Séríkí Mubarak, ẹni tí ó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú ní ọdún 1899. Etí òkun nìkan ni ó jẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lógún, nítorí ọ̀nà ọkọ̀ wọn sí Índíà. Aṣálẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà kò kàn wọ́n. Wọ́n gbà pé ti àwọn ará Tọ́kì ni, wọn kò sì fẹ́ mú Tọ́kì bínú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ń bẹ nínú aṣálẹ̀ náà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Abdulaziz ibn Saud ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀tá ti lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Riyadh, ìlú baba wọn, Kuwait ni ó sì ti dàgbà nínú ìsádi. Ní oṣù kìíní ọdún 1902, òun àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ kó wọ ìlú náà ní òru, ilẹ̀ sì mọ́ bá a lórí ìtẹ́. Síbẹ̀, ọ̀tá yí i ká: Ibn Rashid, ọba Hail, ń bẹ ní àríwá, àwọn ọmọ-ogun Tọ́kì sì ń bẹ ní etí òkun Hasa.

Ní ọdún 1910 ni Shakespear kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ó wá bẹ Mubarak wò ní Kuwait. Shakespear gbà á lálejò, ó sì ya àwòrán rẹ̀. Àwọn àwòrán wọ̀nyí wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ yà nínú ayé ọba náà. Ní ọdún kejì wọ́n tún pàdé nínú aṣálẹ̀, ní Thaj. Níbẹ̀ ni Abdulaziz ti tú inú rẹ̀ fún un. Ó ń fẹ́ lé àwọn ará Tọ́kì kúrò ní Hasa, ó sì ń fẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bò ó láti ojú òkun, kí wọ́n sì fi aṣojú kan sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Shakespear kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Èsì tí ó rí gbà ni pé kí ó má ṣe ṣèlérí kankan.

Ó yẹ kí a mọ bí ọkùnrin yìí ti ń rin aṣálẹ̀. Àwọn òyìnbó mìíràn a máa wọ aṣọ Lárúbáwá kí ojú má baà mọ̀ wọ́n. Shakespear kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ òyìnbó rẹ̀ ni ó ń wọ̀, àkẹtẹ̀ líle tí òyìnbó ń dé sí oòrùn ń bẹ lórí rẹ̀. Ó ń ru àgọ́, tábìlì àti ọpọ́n ìwẹ̀ tirẹ̀ kiri lórí ràkúnmí, ó sì ní àṣá àti ajá ọdẹ tí ó fi ń pa ẹran. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ìgbéraga. Lójú tèmi, ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá rí i mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni.

Ní ọdún 1913, Abdulaziz kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gba Hasa lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì. Oṣù méjì péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Tọ́kì fọwọ́ sí ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ka ilẹ̀ Abdulaziz mọ́ ti Tọ́kì. Wọ́n jókòó sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń pín oko olóko. Shakespear, tí ó mọ ẹni tí ó ni oko náà, kò lè ṣe ju kí ó máa kọ̀wé lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914 ó gba àyè láti la ilẹ̀ Lárúbáwá já láti Kuwait títí dé Suez, nǹkan bí 1,800 máìlì lórí ràkúnmí. Ó ń wọn ilẹ̀ bí ó ti ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà kò tíì sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Ní oṣù kẹta ó dé Riyadh, Abdulaziz sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ayọ̀ kan tí ó lè jẹ́ fún un. Nígbà tí ọba náà rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ẹ, ó bá Tọ́kì dá àdéhùn nínú oṣù karùn-ún.

Kò pẹ́ tí ogun ńlá fi bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Tọ́kì gbè sẹ́yìn Jámánì, ohùn yí padà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Abdulaziz tẹ́lẹ̀ ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kíákíá, ta ni wọn ì bá sì rán bí kò ṣe Shakespear? Ní òpin ọdún 1914 ó dé ibùdó ọba náà. Ọba gbà á pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó o mọ́: ó fẹ́ ìwé tí a fi òǹtẹ̀ lù. Àwọn méjèèjì kọ àdéhùn náà sílẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá Shakespear.

Kí èsì tó dé, ogun Ibn Rashid dé. Abdulaziz rọ àlejò rẹ̀ pé kí ó kúrò níbẹ̀, nítorí ogun náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó kọ̀. Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bóyá ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé agídí ni. Ní Jarab, nínú oṣù kìíní ọdún 1915, ó dúró lórí òkè kékeré kan nítòsí àgbá àwọn ènìyàn Abdulaziz nínú aṣọ òyìnbó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀. Ìbọn bà á, ó sì kú níbẹ̀. Ọmọ ọdún 36 ni. Àwọn ọ̀tá mú àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn ará Tọ́kì ní Medina, wọ́n sì gbé e kọ́ ní gbangba kí ènìyàn lè rí i pé Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn Abdulaziz.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún náà, Percy Cox, ọ̀gá Shakespear, lọ sí Darin, òun àti Abdulaziz sì fọwọ́ sí àdéhùn. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òun ni ó ni Najd àti Hasa. Òun náà gbà pé òun kì yóò bá ìjọba mìíràn ní àjọṣe láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí i. Ọdún 1927, ní Jeddah, ni ó tó bọ́ lọ́wọ́ ìdè yìí. Ní ọdún 1930, ó rán Hafiz Wahba lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀, Andrew Ryan sì gúnlẹ̀ sí Jeddah láti ṣe aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì. A ròyìn pé bí àwọn òyìnbó bá bi Abdulaziz ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ta ni ó tóbi jù nínú gbogbo àwọn ará Yúróòpù tí ó ti bá pàdé, orúkọ Shakespear ni ó ń dá.