Hangbe, ìbejì ọba tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pé jọ lálẹ́ ní Godomey láti wo eré ayé àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọmọ ìyá méjì ti ń du adé, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Abomey, kò jìnnà sí wa.

Ọba Houegbadja ló bí Hangbe àti Akaba, ìbejì ni wọ́n. Àbúrò wọn ni Dosu. Ọkùnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìbejì ni àwọn Fọn ń sọ lórúkọ yìí, Ìdòwú tiwa náà nìyẹn. Ẹ sì mọ ohun tí Yorùbá ń sọ nípa agídí Ìdòwú.

Akaba ló jọba. Ìtàn Abomey sọ pé ojú ogun Ouémé ló kú sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18. Kí ọkàn àwọn jagunjagun má baà já, Hangbe gbé aṣọ èkejì rẹ̀ wọ̀, ó ṣíwájú wọn, wọ́n sì ṣẹ́gun. Òun ló wá ń ṣàkóso, torí Agbo Sassa ọmọ Akaba ṣì kéré.

Dosu kò gbà. Àwọn ìjòyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n pa ọmọkùnrin Hangbe ni ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ pátápátá. Ìyá ọlọ́mọ jáde síwájú ìgbìmọ̀, ó bọ́ra sílẹ̀, ó wẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì ṣẹ́ èpè pé òyìnbó ni yóò gba ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó. Oṣù Kọkànlá 1892 ni Faransé wọ Abomey.

Dosu jọba, ó di Agaja. Nígbà tí Agbo Sassa dàgbà tó bèèrè ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ogun ló bá pàdé, ó sá lọ sílẹ̀ Máhì. Agaja gba Allada ní 1724, Ouidah ní 1727. Ní 1732 ó run Jakin, èbúté tí àwọn òpìtàn ní Godomey yìí náà ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ nìkan ló kápá rẹ̀, tó fi ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ó kú ní 1740.

Orúkọ Agaja wà láàárín àwọn ọba. Wọ́n yọ ti Hangbe. Ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ kò gbàgbé: títí dòní, obìnrin kan nínú wọn ló ń jẹ oyè Hangbe ní Abomey. Ère jagunjagun obìnrin tí wọ́n ṣí ní Kútọnu ní July 30, 2022, tó ga ní mítà 30, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pè é.