DÓKÍTÀ WALTER DANDY: ẸNI TÍ Ó KỌ́KỌ́ FI KÍLÍÌPÙ FÚN ÀPÒ Ẹ̀JẸ̀ LỌ́RÙN NÍNÚ ỌPỌLỌ

 Bí a bá ti ń tẹ ìwé yìí, ẹ mọ̀ pé a máa ń ya abala kan sọ́tọ̀ fún ìtàn ẹni tó ti kú tipẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kú. Dókítà òyìnbó kan ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ní ìdí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lé ní 60 ọdún. Nígbà tí a wà ní sùkúlù, bí orí bá fọ́ wa, a ó lo oògùn ẹ̀fọ́rí, a ó sì gba pápá bọ́ọ̀lù lọ. Lónìí, bí òòyì bá kọ́ni díẹ̀, wọn a ní ká lọ ya àwòrán orí. Àwòrán a dé, dókítà a wá ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wú nínú ọpọlọ, kò tíì bẹ́, ṣùgbọ́n ó tóbi. Kí ni ká ṣe? Ká fọwọ́ kàn án ni, àbí ká fi í sílẹ̀? Ìbéèrè yìí le. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ àti kílíìpù dáhùn rẹ̀ ni Walter Dandy.

A bí Walter Edward Dandy ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1886, ní ìlú Sedalia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Ìlú reluwé ni Sedalia, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin sì ni John, bàbá rẹ̀. Láti Lancashire ní England ni bàbá náà ti wá, Rachel ìyá rẹ̀ sì wá láti Armagh ní Ireland. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Kò sí olówó nínú ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀wé. Nígbà tó jáde ní sùkúlù girama ní 1903, òun ló gba ipò kìíní nínú kíláàsì wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí kì í jẹ́ kí tíṣà sinmi. Ó lọ sí Yunifásítì Missouri, ó parí níbẹ̀ ní 1907. Ọdún yẹn náà ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins ní Baltimore. Ohun tó ti kọ́ ní Missouri pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú un sí ọdún kejì lójú ẹsẹ̀. Ní 1910 ó di dókítà, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 24.

Ní Johns Hopkins ló ti pàdé Harvey Cushing, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ láyé ìgbà náà. Dandy ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Nígbà tí Cushing kó lọ sí Boston ní 1912, kò mú Dandy dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kàn wà níbẹ̀ láìní àyè kan pàtó. William Halsted, olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ, ló fún un láyè láti dúró. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kan, Ọlọ́run a ṣí òmíràn.

Dandy kò fi àsìkò náà ṣòfò. Òun àti Kenneth Blackfan wádìí omi tó máa ń gbára jọ sí orí àwọn ọmọ ọwọ́ tí orí wọn fi ń tóbi jù. Wọ́n fi hàn ibi tí omi náà ti ń sun àti ọ̀nà tó ń gbà. Ní 1918, ó tún ṣe ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. X-ray máa ń fi egungun hàn, ṣùgbọ́n kì í fi ọpọlọ hàn. Dandy fa omi inú ihò ọpọlọ jáde, ó fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó wá ya àwòrán. Afẹ́fẹ́ náà yọ dúdú, ìrísí inú ọpọlọ sì hàn kedere. Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti lè mọ ibi tí kókó wà nínú orí kó tó gbé ọ̀bẹ. Ẹ rántí pé èyí ju 50 ọdún lọ ṣáájú ẹ̀rọ CT.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ gbọ́ tiyín. Ní 1923, Dandy ya ibùsùn 3 sọ́tọ̀ ní ọsibítù náà fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún, ó sì fi àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní àkànṣe ṣọ́ wọn tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ló ka èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe tí gbogbo ọsibítù ńlá ní lónìí.

Kí ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni o. Ara rẹ̀ gbóná nínú tíátà, ó máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Ní 1922 tó kéde pé òun lè yọ kókó inú nẹ́ẹ̀fù etí tán pátápátá, ó bí Cushing nínú pé kò dárúkọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ náà ṣáájú. Ìjà náà kò tán bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu bà á lẹ́yìn rẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé aláìsàn ló ń jà fún.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ dà bíi tíúùbù kẹ̀kẹ́. Bí ibì kan bá fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, agbára ẹ̀jẹ̀ a máa tì í síta díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yọ bí àpò kékeré. Aneurysm ni àwọn dókítà ń pe àpò yìí. Ó ní ọrùn níbi tó ti so mọ́ iṣan, ó sì ní ikùn tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà yí ọpọlọ ká, orí fífọ́ tí èèyàn kò rí irú rẹ̀ rí a dé lójijì, àwọn kan kì í sì dé ọsibítù. Èyí tí kò bẹ́ náà lè máa tóbi, kó tẹ nẹ́ẹ̀fù ojú mọ́lẹ̀, kí ìpéǹpéjú wálẹ̀, kí èèyàn máa rí ohun kan ní méjì.

Ṣáájú Dandy, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ọrùn àpò náà. Ní London ní 1885, Victor Horsley di iṣan ńlá tó gba ọrùn èèyàn kọjá nítorí àpò ńlá kan tó wà nínú orí. Ní 1931 ní Edinburgh, Norman Dott fi ẹran ara aláìsàn fúnra rẹ̀ wé àpò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n àpò náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè tún wọ inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, ọdún 1937, Dandy ṣí orí ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀. Àpẹẹrẹ ojú náà ló fi mọ̀ pé àpò ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó rí i lóòótọ́, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Ó fi kílíìpù fàdákà fún un lọ́rùn, ó fi iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì jó ikùn rẹ̀ kó lè sún kì, iṣan gidi sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò ní ọsibítù, ojú rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, orí kílíìpù yìí ni iṣẹ́ abẹ aneurysm dúró lé.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀ tún gbayé kan. George Gershwin, olórin ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣubú lulẹ̀ ní Hollywood. Dandy ni wọ́n ń wá, ó sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú gómìnà Maryland. Ìjọba rán ọkọ̀ lọ wá a lórí omi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó dé Newark. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé aláìsàn kò lè dúró dè é mọ́. Àwọn dókítà tó wà nítòsí ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n Gershwin kú ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 1937, ní ẹni ọdún 38. Kókó ni tirẹ̀, kì í ṣe aneurysm, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ, dókítà tó mọṣẹ́ jù kò wúlò bí a bá pẹ́ jù.

Àpò ńlá ló wá fún Dandy níṣẹ́ jù. Ọrùn wọn máa ń fẹ̀, kílíìpù kì í fẹ́ ká a, ara wọn lè ti le bí èèpo igi, iṣan kéékèèké mìíràn sì lè so mọ́ wọn. Fún irú èyí, Dandy a máa dí iṣan náà nísàlẹ̀ ní ọrùn, a sì tún dí i lókè nínú orí, kí àpò náà há sáàárín. Ewu rẹ̀ ni pé bí ọpọlọ kò bá ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ fi lè dé ibẹ̀, apá kan ara yóò rọ. Nítorí náà ni àwọn dókítà ìgbà náà ṣe máa ń fi ìka tẹ iṣan ọrùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ara yóò gbà á. Ní 1944, Dandy kó gbogbo ìrírí rẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Intracranial Arterial Aneurysms, ó sì kọ àwọn tó kú síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó yè.

Ọkàn ló mú un lọ. Ó ní àìsàn ọkàn níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 1946, òmíràn tẹ̀ lé e, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ọjọ́ 13 péré lẹ́yìn tó pé ẹni 60 ọdún. Ó fi Sadie ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin sáyé lọ.

Ibo wá ni iṣẹ́ rẹ̀ dé? Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wọ tíátà ọpọlọ, ọwọ́ àwọn oníkílíìpù sì túbọ̀ dá múṣémúṣé. Fún àpò ńlá, wọ́n tún lè so iṣan mìíràn mọ́ ọpọlọ kí wọ́n tó dí èyí tó wú. Ní ọdún 1990 sí 1995, ọ̀nà Guglielmi fìdí múlẹ̀: wọ́n a gba iṣan itan wọlé, wọ́n a fi wáyà platinum wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kún inú àpò náà láìṣí orí rárá. Àmọ́ nínú àpò ńlá, wáyà náà lè kì mọ́lẹ̀ tó bá yá, kí àyè tún ṣí sílẹ̀. Ní 2011, Amẹ́ríkà fàṣẹ sí túùbù tí wọ́n fi wáyà hun bí àwọ̀n, Pipeline lorúkọ rẹ̀. Inú iṣan gidi ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kọjá ẹnu àpò náà. Ẹ̀jẹ̀ a máa gba inú túùbù lọ, èyí tó wà nínú àpò a dì, àpò a sì ti. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2013 lórí àpò ńlá, àpò 78 nínú 106 ló ti tì pátápátá lẹ́yìn oṣù 6 láìnílò ohun mìíràn. 6 nínú èèyàn 107 ni àìsàn rọpárọsẹ̀ ńlá tàbí ikú láti inú ọpọlọ bá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.

Fífi í sílẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2003, láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, ṣọ́ àwọn tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láàárín ọdún 5, àpò tó wà níwájú tí kò tó mìlímítà 7, lára ẹni tí òmíràn kò bẹ́ rí nínú orí rẹ̀, kò bẹ́ rárá. Nínú 100 àpò iwájú tó jẹ́ mìlímítà 13 sí 24, bíi 14 tàbí 15 ló bẹ́. Tó bá tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 40 ló bẹ́. Tẹ̀yìn burú jù: 18 àti 50. Ìwádìí kan náà sọ pé, lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 èèyàn tí tiwọn kò bẹ́ rí, bíi 13 nínú àwọn tí wọ́n ṣí orí wọn ló kú tàbí tó ní àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ, bíi 10 sì ni ti àwọn tí wọ́n gba inú iṣan wọlé fún. Ẹni ọdún 45 tí ara rẹ̀ le tí àpò rẹ̀ sì tóbi, ọdún pọ̀ níwájú rẹ̀ tí nǹkan náà lè fi bẹ́. Ìtọ́jú lè sàn fún un. Ẹni ọdún 80 tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára lè yàn láti máa ṣọ́ ọ. Kò sí ojo níbẹ̀, kò sí akọni. Ìṣirò ni.

Nílé tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ló gbé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wá sí UCH Ìbàdàn ní 1962, ọdún 25 lẹ́yìn kílíìpù Dandy. Òun náà ti lọ láti 1974, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kò tíì dí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, ẹ fi sìgá sílẹ̀. Bí ẹni méjì nínú òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní in, ẹ sọ fún dókítà. Bí wọ́n bá ní ẹ ní i, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: mìlímítà mélòó ni? Iwájú ni tàbí ẹ̀yìn? Ọ̀nà mélòó ló wà fún tèmi? Ẹ̀yin fúnra yín, mélòó lẹ ti ṣe, báwo ló sì ṣe rí? Bí orí bá sì fọ́ lójijì bí ààrá, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ọsibítù ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún pàdé láyọ̀ ní àjọ̀dún tó ń bọ̀.