Ummu Salamah ní Hudaybiyyah

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, àwa ọkùnrin jókòó láti parí ìjà kan láàrin jámáà wa. Ìyá Àdínì fẹ́ sọ̀rọ̀. A ní kí ó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti obìnrin. Èmi náà wà nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìjà kò sì parí. Nígbà tí mo délé ni mo rántí Ummu Salamah, ojú sì tì mí.

Ọmọ ìdílé ńlá Makhzum ni ní Mẹ́kà. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Abu Salamah, fẹ́ ṣí lọ sí Mẹ̀dínà nítorí ẹ̀sìn, àwọn ẹbí rẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ ọkọ. Àwọn ẹbí ọkọ náà fa ọmọ rẹ̀ kékeré gbà, títí apá ọmọ fi yẹ̀. Ó tó bí ọdún kan tí ó fi ń sunkún lójoojúmọ́. Ọgbẹ́ tí àwọn ará Mẹ́kà dá sí ọkọ rẹ̀ lára ní ogun Uhud, ní 625, ni ó padà pa á. Lẹ́yìn èyí ni Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, gbé e ní ìyàwó.

Ní 628, ó bá Ànábì lọ fún Úmúrà, pẹ̀lú àwọn ènìyàn bí 1,400. Àwọn ará Mẹ́kà dínà mọ́ wọn ní Hudaybiyyah. Suhayl, aṣojú Mẹ́kà, bá Ànábì ṣe àdéhùn pé kí ogun dáwọ́ dúró fún ọdún 10, ṣùgbọ́n kí àwọn Músùlùmí yí padà lọ́dún náà, kí wọ́n sì máa dá ẹni tí ó bá sá wá láti Mẹ́kà padà. Ibi ìjókòó náà gan-an ni Abu Jandal, ọmọ Suhayl, ti wọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dé. Wọ́n sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà korò. Ànábì ní kí wọ́n dúńbú ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ ọ́. Ẹnì kan kò dìde.

Ó wọ àgọ́, ó ro ẹjọ́ náà fún Ummu Salamah. Ìyá wa kò ní kí ó bá wọn wí. Ó ní kí ó jáde láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó dúńbú ràkúnmí tirẹ̀, kí ó sì pe onígbàjámọ̀ kí ó fá orí rẹ̀. Ànábì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń fá orí ara wọn.

Mélòó nínú wọn ni ó ní ẹ̀dùn lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́kà tó tirẹ̀? Bí ó bá fẹ́ kí àdéhùn náà dàrú, kí ó ṣáà ti dákẹ́ ni.

Lóòótọ́, kò pé ọdún 2 kí àwọn ọ̀rẹ́ Mẹ́kà tó da àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ti là, ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ànábì wọ Mẹ́kà ní 630, àwọn tí ó tẹ̀lé e tó bí 10,000.

Ní Jímọ̀ tí ń bọ̀ a ó tún jókòó lórí ìjà tiwa. Mo ti lọ sí ilé Ìyá Àdínì lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá.